Tísà Búréèkì Nínú Ọkọ̀ Oníbúréèkì Kan

Orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè é ni Tísà Búréèkì, kì í sì í bínú sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ọkọ̀ kékeré tó fi ń ṣe é ní búréèkì méjì: ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ìkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tísà fúnra rẹ̀ níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó di sítíárìn mú. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró níwájú iná pupa, á máa rẹ́rìn-ín pé òun náà ti di awakọ̀, kò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ bàbá yìí ti ṣáájú tòun débẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wakọ̀ kiri lónìí tí wọn ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ló kó àwọn yọ.

Ìwà yìí ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Bó bá wọ takisí, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀. Bó bá ń wo fíìmù tí ọkọ̀ ń sáré nínú rẹ̀, á tún máa tẹ ilẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì iwájú àga rẹ̀ nílé ti lu níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún máa ń wà. Àwọn ìbejì rẹ̀, tí wọ́n ti lọ sí yunifásítì báyìí, a sì máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ rọra o, ilé ti dúró tipẹ́." Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan dúró níbi tó bá ní kó dúró ni.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, ló ń jókòó sí ọ́fíìsì: yàrá kan létí títì, tábìlì kan, fóònù kan, bẹ́ǹṣì fún àlejò, àti àwòrán àmì ojú ọ̀nà lára ògiri, tí oòrùn ti gba àwọ̀ rẹ̀. Òun ló ń gbé fóònù, òun ló ń sọ ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò wá. Tó bá di àṣálẹ́, Tísà á jókòó ti oúnjẹ, á máa sọ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ náà: ẹni tó tẹ iná dípò búréèkì, ẹni tó di ojú méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ ńlá ń bọ̀. Obìnrin náà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín jù ni ọkùnrin kan tó ń ta awò ojú, tí Tísà sọ ní Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́, torí pé bó bá fẹ́ yí jíà, á kọ́kọ́ kí ọkọ̀ ní pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n bí oṣù ṣe ń gorí oṣù, ẹ̀fẹ̀ di ìyìn. "Ìyá Ìbejì, ọkùnrin yẹn ní sùúrù o. Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Kì í pariwo mọ́ èèyàn lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ẹni tí mo kọ́, òun ló gbọ́ràn jù." Báyìí ni ọkọ ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ polówó ọkùnrin mìíràn fún ìyàwó rẹ̀, nídìí oúnjẹ tí obìnrin náà sè.

Ọjọ́ tó mọ̀, ẹnu iṣẹ́ ló wà. Obìnrin onídìrí kan ló ń kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì ti dé oríta ilé ìtẹ̀wé. Iná fún wọn láyè, onídìrí ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́. Tísà wo ọ̀nà apá ọ̀tún, bó ṣe máa ń wò ó, ló bá rí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú kan tó dúró síwájú iná pupa tibẹ̀. Ó dúró sẹ́yìn ìlà funfun gẹ́lẹ́, kò ré e kọjá, kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó wà á wo dígí, ó wo èjìká, ó tún wo dígí. Ọ̀gbẹ́ni Pẹ̀lẹ́ ni. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ sí Tísà lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi bú u, ni pé, "Háà, ọmọ mi dúró dáadáa!"

Lẹ́yìn náà ló rí ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ náà. Ìyá Ìbejì ni, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ọrùn ọkùnrin náà, ọwọ́ tó rọra wà níbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Kẹ́kẹ́ pa mọ́ Tísà lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni pé ó pa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó àpótí òfìfo dúró lójijì níwájú wọn, onídìrí pariwo, ó ń wá búréèkì kò rí i, ẹsẹ̀ tó ti ń gba gbogbo ìlú là láti ọjọ́ yìí wá sì dúró sójú kan bí igi. Gbàgà! Iwájú orí bàbá lọ gbá dígí. Àpótí já bọ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Onídìrí di ojú mú, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Tísà, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Tísà ní, "Kì í ṣẹ̀bi tìẹ." Ìgbà tó fi máa yí ojú padà sí apá ọ̀tún, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ti lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn sí i lójú, ó bá ẹni tó ni ọkọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀, ó bẹ̀ ẹ́, wọ́n yanjú ẹ̀.

Ó délé lọ́jọ́ náà, ó jókòó. Kò tíì mọ bí yóò ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìyá Ìbejì gbé àwo oúnjẹ wá, ó gbé e kalẹ̀, àmọ́ kò padà sẹ́yìn. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mo ti ṣe ohun tí kò dáa," ló wí. Ó dárúkọ ọkùnrin náà. Ó ní òun ti já a sílẹ̀, òun ò ní lọ mọ́ láé. Ó ní kí ọkọ òun ṣe ohun tó bá wù ú.

Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu ju ohun tó rí lọ. Òun ti ń ronú bí yóò ṣe fọ̀rọ̀ wá obìnrin yìí lẹ́nu wò, bí obìnrin náà yóò ṣe jiyàn, bí òun yóò ṣe pariwo. Àmọ́ òun ò tíì la ẹnu, obìnrin náà ti sọ gbogbo ẹ̀. Nítorí náà, kò sọ pé òun rí wọn. Ó ní onídìrí ló forí òun gbá dígí. Ó fi èyí tó rí pamọ́ sínú, kí ọ̀rọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ má bàa ní àbààwọ́n.

Àbí kí lẹ rò pé ó kù fún un láti dì mú? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbọ́, ó fò wọlé bí ìjì. "Ìwọ tí o ní búréèkì méjì nínú mọ́tò, kò sí ẹyọ kan nínú ilé ẹ! Jẹ́ kó máa lọ." Tísà dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó bi í." Ẹ̀gbọ́n pòṣé, ó ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Àmọ́ Tísà di gbólóhùn yẹn mú. Tí oorun bá dá lójú rẹ̀, á máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀: kò sẹ́ni tó bi í, ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́. Orí èyí ló ní òun máa gbé ìgbéyàwó náà kà. Bí èyí bá yẹ̀, kò tún sí nǹkan mìíràn nísàlẹ̀.

Ìdí nìyí tó fi gbà kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ olùdámọ̀ràn. Obìnrin àgbàlagbà kan ni, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá. Yàrá rẹ̀ wà lókè ilé ìtajà oògùn kan: àga mẹ́ta, fáànù tó ń yí orí kiri bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ tọ̀túntòsì, àti páálí bébà ìnujú lórí tábìlì. Òfin tó ṣe fún wọn rọrùn. Ohunkóhun tí ọkọ bá bi ìyàwó, kí ó sọ òótọ́, gbogbo òótọ́, bó ti wù kó korò tó. Ohun tí ó bá sì ti sọ, kí ọkọ má fi ṣe pàṣán.

Ẹ wá wo Tísà! Ó béèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ìwé ìwakọ̀. Níbo? Ìgbà wo? Ta ló kọ́kọ́ pe ta? Nílé, ó ní kí fóònù obìnrin náà máa wà lórí tábìlì, kó dojú sókè. Bó bá lọ ra nǹkan, kó pè tó bá dé ibẹ̀, kó pè tó bá ń bọ̀. Ìyá Ìbejì ṣe gbogbo rẹ̀, kò ráhùn. Síbẹ̀, bó ṣe ń ṣe é tó ni ọkàn ọkùnrin náà ń dàrú tó, nítorí ẹni tí a ń ṣọ́ lójoojúmọ́, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti yí padà?

Màmá gbọ́ èyí tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Ìbejì, búréèkì tí ẹ gbé sábẹ́ ìjókòó ìyàwó yín yìí, ṣé ó ń jẹ́ kẹ́ ẹ sùn?"

"Rárá, Màmá."

"Ó dáa. Ní ọjọ́ Sátidé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó wà yín lọ síbi tó bá wù ú. Kì í ṣe ọkọ̀ iṣẹ́ o. Ọkọ̀ ilé, èyí tó ní búréèkì kan. Ẹ ò ní bi í níbi tó ń lọ. Ẹ ò ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi dúró."

Tísà bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. "Màmá, ẹ má bínú. Ìyàwó mi ò mọ ọkọ̀ wà."

Màmá wò ó. "Ẹ̀yin, tẹ́ ẹ kọ́ gbogbo ayé?"

Bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti bẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé kó kọ́ òun. Ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Ta ló máa wá máa gbé fóònù?" Ìgbà kan ṣoṣo tó gbé e jókòó nídìí sítíárìn, ó pariwo mọ́ ọn, ohùn tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ò gbọ́ rí lẹ́nu rẹ̀, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀, kò sì béèrè mọ́.

Fáànù yí orí lọ, ó yí i bọ̀. Ìyá Ìbejì wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Màmá," ó ní, "mo mọ ọkọ̀ wà."

Tísà yí sí i. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Háà! Gbogbo ohun tó ti béèrè nínú yàrá yìí, kò ronú kan èyí. "Ó kọ́ ẹ ní mọ́tò?"

"Ó wá san owó ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì, mo ní ó mà ṣorí ire o, ó ti mọ̀ ọ́n wà, èmi tí mò ń gbé fóònù ò mọ̀ ọ́n. Ló bá ní kí n wá, òun á máa fi ohun tẹ́ ẹ kọ́ òun kọ́ mi. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò fi dá ara mi láre. Ẹ ní kí n sọ gbogbo ẹ̀ ni."

Ó ṣe Tísà bí ẹni pé ilẹ̀ yàrá náà ń lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì Màmá mọ́lẹ̀ gan-an. Ọkùnrin yìí ti gba ìyàwó rẹ̀, ó tún ti gba iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ṣe é bó ṣe yẹ kí òun fúnra òun ti ṣe é.

Wọ́n gba ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ fún obìnrin náà, nítorí Tísà kì í rú òfin ọ̀nà kódà bí ayé bá ń parẹ́. Wọ́n lẹ pátákó akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọkọ̀ ilé níwájú àti lẹ́yìn. Àwọn aládùúgbò ń kí i, "Tísà, ẹ ti wá rántí ìyàwó yín!" Ó ń mi orí sí wọn.

Sátidé àkọ́kọ́, ó jókòó síbi èrò, ó wo abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀: ilẹ̀ lásán ni, kò sí ohun tí yóò tẹ̀. Ìyá Ìbejì de bẹ́líìtì. Ó wá ń sọ lábẹ́ ẹnu, bí ẹni tó ń gbàdúrà, "Dígí, èjìká, dígí, ká tó gbéra." Ara ọkùnrin náà bù máṣọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni! Òun ló hun ún, láti bí ogún ọdún ó lé ni ó ti ń fi kọ́ èèyàn. Ó gba ẹnu ọkùnrin mìíràn kó tó dé etí ìyàwó òun. Ó fẹ́ pariwo pé kó dá ọkọ̀ dúró, àmọ́ ó ti ṣèlérí fún Màmá, ó sì pa ẹnu mọ́. Obìnrin náà wakọ̀ lọ, ó wà á bọ̀. Ó wà á dáadáa. Èyí gan-an ló dun Tísà jù, ó sì tún jẹ́ ìwúrí fún un, ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe lè gbé inú ọkùnrin kan.

Sátidé kejì, wọ́n dé etí odò, wọ́n jókòó sínú ọkọ̀, Ìyá Ìbejì sì sọ pé, "Ẹsẹ̀ yín ńkọ́?" Tísà ní, "Mo ti ń tẹ̀ ẹ́ láti ilé." Obìnrin náà ní, "Mo mọ̀. Ọkọ̀ ò dúró." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n délé, Tísà gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Ó ń rò ó lọ́kàn pé ó lè dára o. Ṣebí ó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́.

Sátidé kẹta ni wọ́n kọjú sí ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé.

Tísà mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìyá Ìbejì gba ọ̀nà apá ọ̀tún, èyí tí ọkọ̀ aláwọ̀ eérú gbà lọ́jọ́ náà, iná pupa sì dá wọn dúró. Ó dúró sẹ́yìn ìlà funfun gẹ́lẹ́. Ibi tí obìnrin náà jókòó sí lọ́jọ́ yẹn ni Tísà jókòó sí báyìí.

"Ẹ má tíì sọ̀rọ̀," Ìyá Ìbejì wí, ojú rẹ̀ wà lọ́nà. "Ọkọ̀ dúró, àmọ́ ìrìn ò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó sá fún un. Mo rí yín lọ́jọ́ yẹn."

Tísà tẹjú mọ́ ìlà funfun.

"Mo gbọ́ gbàgà, mo wò, mo rí orí yín lára dígí. Mo rò pé ẹ ti kú. Mo ní kó dúró. Iná ti fún wa láyè, àwọn tó wà lẹ́yìn ń fọn fèrè, ó ní òun ò lè dúró láàárín oríta. Nígbà tó yà, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ sílẹ̀, mo sáré padà. Mo dé ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé níbẹ̀ yẹn." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka. "Ẹ wà lórí ìdúró, ẹ̀ ń bá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lójú yín. Mi ò jáde. Mo fara pamọ́. Mo ń wo yín láti ẹ̀yìn ògiri títí ẹ fi lọ. Ẹsẹ̀ yín kì í gbàgbé búréèkì, torí náà mo mọ̀ pé ẹ rí wa. Ìdí tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe pé ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó sọ ọ́."

Gbólóhùn tí Tísà ti dì mú láti ìgbà náà, tó fi gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń fi pe oorun, ó fọ́ báyìí, yángá, bí àwo tó bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé. Kò sẹ́ni tó bi í! Ta ni ò bi í? Ọgbẹ́ iwájú orí rẹ̀ ló bi í. Ó rí ọwọ́ rẹ̀ lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò mọ ìgbà tó gbé e débẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé wà níwájú rẹ̀, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ kúkúrú, ó sì ń fojú inú rí obìnrin kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri náà tó ń wo ọkọ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú.

"Ìgbà tẹ́ ẹ gbé fóònù lé mi lọ́wọ́ ni mi ò lè sùn mọ́," ni Ìyá Ìbejì wí. "Mo gbọ́ tẹ́ ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé kò sẹ́ni tó bi mí. Mo gbọ́ tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún Màmá. Ẹ̀ ń fi irọ́ mi gbé mi ró."

Iná di àwọ̀ ewé.

Ọkọ̀ ò gbéra. Ẹni tó wà lẹ́yìn wọn fọn fèrè, ẹni tó tẹ̀ lé e náà fọn tirẹ̀, ẹnì kan yọ orí síta ó ń bú pátákó akẹ́kọ̀ọ́. Ọwọ́ Ìyá Ìbejì di sítíárìn mú pinpin, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Ẹ sọ nǹkan, Bàbá Ìbejì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

Ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún yín. Ó ti fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ti là díẹ̀, ariwo títì ti wọlé. Àfi bí ọ̀rọ̀ kan ṣe dé bá a lójijì, tó sì mú un jókòó sójú kan. Bí obìnrin náà ò bá sọ ọ́, òun ì bá kú láìmọ èyí. Kò sẹ́ni tó rí i lẹ́yìn ògiri. Ọkùnrin yẹn ò mọ̀, Màmá ò mọ̀. Òun fúnra òun, tó ń béèrè níbo àti ìgbà wo, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè rẹ̀. Inú rẹ̀ ò tíì rọ̀. Ó ṣì ń dùn ún, ó ń dùn ún gan-an.

Ó ti ilẹ̀kùn padà. Ó ní, "Èmi náà rí ẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ."

"Mo mọ̀."

Fèrè ń dún lẹ́yìn wọn kíkankíkan. Tísà wo ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Kò tẹ nǹkan kan.

"Wo dígí," ló wí. "Fara balẹ̀. Dígí, èjìká, dígí."

Ìyá Ìbejì wo dígí, ó wo èjìká, ó tún wo dígí. Ọkọ̀ gbéra. Ọwọ́ Tísà ṣì wà lára ọwọ́ ilẹ̀kùn títí wọ́n fi kọjá ilé ìtẹ̀wé àti ògiri ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó mú un kúrò. Kò bi í níbi tí wọ́n ń lọ.